Ẹ̀rọ ìfọṣọ dákẹ́, aṣọ oníbàárà wà nínú rẹ̀: Ohun tó yẹ kí alágbàfọ̀ yẹ̀ wò kó tó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́

Iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn alágbàfọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Ẹtì. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti oríṣiríṣi ayẹyẹ ló máa ń kún òpin ọ̀sẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, aṣọ tí àwọn èèyàn fẹ́ wọ̀ lọ sóde lọ́jọ́ Sátidé sì gbọ́dọ̀ ti délé kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Àfi bíi pé ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà náà gan-an ló máa ń dákẹ́. Omi á wà nínú rẹ̀, aṣọ oníbàárà á rì sínú omi ọṣẹ, ilẹ̀kùn ò ní ṣí, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà oníṣẹ́ kiri.

Èyí tó ń dunni níbẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ asẹ́ tó dí, rọ́bà omi tó ká, ilẹ̀kùn tí kò pa dáadáa, tàbí omi táǹkì tí kò lágbára tó. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, pẹ̀lú bàsíà kan, àkísà, sìkúrúdíráfà àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sanwó fún oníṣẹ́ kó wá yọ bọ́tìnì kan kúrò nínú asẹ́. Bí oníṣẹ́ náà bá sì jẹ́ aláìṣòótọ́, yóò tún sanwó ẹ̀yà tuntun tí ẹ̀rọ náà kò nílò.

Fún ẹni tó ń fọ aṣọ ilé ara rẹ̀, ẹ̀rọ tó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kò ju ìnira lọ. Ní ti alágbàfọ̀, ọjà ló dúró yẹn. Bí ẹ̀rọ kan bá ń fọ ẹrù 5 lójúmọ́, tó sì dákẹ́ fún ọjọ́ 4, ẹrù 20 ni kò ní fọ̀, bẹ́ẹ̀ owó ilé ń lọ, owó ọmọṣẹ́ náà ń lọ. Ríra òmíràn kò sì rọrùn mọ́. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, tí wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹ̀rọ tó ti òkè òkun wá ti gbówó lórí, epo jẹnẹrétọ̀ náà sì ti di ohun tí èèyàn ń ṣírò kó tó rà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí alágbàfọ̀ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀.

Kí ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ

Ohun àkọ́kọ́ ni kó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa súìṣì nìkan kò tó. Lẹ́yìn náà, kó ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa. Bí omi gbígbóná bá wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ náà, kó dúró títí yóò fi tutù, nítorí omi yẹn lè bó èèyàn lára.

Bí ara ẹ̀rọ bá ń gbé èèyàn, bó ti wù kó kéré mọ, kò gbọdọ̀ lò ó mọ́ títí oníná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí wáyà tó yẹ kó gbé iná tó ṣìnà wọlẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní áàtì, má sí nínú ilé náà rárá, tàbí kí irin tó ń mú omi gbóná ti bẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kì í gbẹ, ọmọṣẹ́ sì lè máa rìn láìwọ bàtà. Kí wọ́n má fi irú nǹkan yìí ṣeré.

Bí ẹ̀rọ kò bá tan rárá

Kó kọ́kọ́ fi nǹkan mìíràn tó dára, bíi áyọ́ọ̀nù tàbí fáànù, sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí iná ilé ló ní àrùn. Bó bá ṣiṣẹ́, kó wo fíùsì inú púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 3 tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ní fíùsì kékeré nínú, ó sì máa ń jó. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, iye ámípíà tí wọ́n kọ sára ti tẹ́lẹ̀ ni kó rà. Ẹni tó bá fi wáyà lásán dí ojú fíùsì ti sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ibi tí iná lè ti sọ nígbàkígbà.

Bí iná bá tàn lójú ẹ̀rọ àmọ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀kùn ni kó wò. Ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí ilẹ̀kùn bá pa, tó sì dún kọ̀. Etí aṣọ tó há sẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí ìdọ̀tí tó wà nínú ihò tí ìkọ́ ilẹ̀kùn ń wọ̀ lè dí i lọ́wọ́. Kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti tẹ bọ́tìnì tó wà fún àwọn ọmọdé, èyí tó ń ti ojú ẹ̀rọ pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pe oníṣẹ́ nítorí bọ́tìnì yìí nìkan.

Bí omi kò bá wọlé, tàbí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀

Ẹ̀sùn yìí wọ́pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa, ìdí rẹ̀ sì ni pé orí táǹkì la gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọtomátíìkì ni wọ́n ṣe fún omi tó ń fi agbára wá láti inú páìpù ìjọba nílùú òyìnbó. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n agbára omi tó nílò sínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, bar ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń béèrè, ó kéré tán, ìwọ̀n bar 0.3 sí 0.5. Táǹkì tó fi mítà 10 ga ju ẹ̀rọ lọ ló ń fúnni ní nǹkan bíi bar 1. Èyí já sí pé táǹkì tó fi mítà 3 péré ga jù ú lọ kò lè fúnni ju bíi bar 0.3 lọ, bí páìpù bá sì tún tín-ín-rín, agbára yẹn yóò dín kù sí i. Ẹ̀rọ náà yóò dúró, dúró, yóò wá dákẹ́, tàbí kó kọ àmì àṣìṣe sójú rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Alágbàfọ̀ lè gbé táǹkì ga sí i, tàbí kó fi póńpù kékeré tó ń ti omi sójú páìpù. Bí aṣọ bá wà nílẹ̀ tí kò lè dúró, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó lè rọra máa fi kọ́ọ̀bù bu omi sínú àpótí tí wọ́n ń da ọṣẹ sí. Omi náà yóò gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀rọ, bó bá sì dé ìwọ̀n tó yẹ, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Bí omi táǹkì bá lágbára tí kò sì wọlé síbẹ̀, kó tú rọ́bà omi kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ. Níbi tí rọ́bà yẹn ti wọnú ẹ̀rọ, asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀. Yanrìn àti ìdọ̀tí tó ń ti inú kànga ẹlẹ́rọ tàbí ìsàlẹ̀ táǹkì wá máa ń dí i pa. Kó rọra fi ìmú tín-ín-rín yọ ọ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, kó dá a padà. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ sọnù, nítorí ìdọ̀tí tó bá kọjá ibẹ̀ yóò ba ẹnu tó ń ṣí fún omi jẹ́.

Àṣìṣe kan tún wà tó jọ èyí: omi ń wọlé, àmọ́ kò kún, ó kàn ń wọlé tó ń jáde ni. Rọ́bà tó ń gbé omi jáde ló wà nílẹ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọtomátíìkì, ẹnu rọ́bà yẹn gbọ́dọ̀ ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100 sílẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, omi yóò máa fa ara rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ oníhò méjì, ìyẹn èyí tó ń fọṣọ lápá kan tó ń fún un lápá kejì, yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní póńpù, ilẹ̀ ni rọ́bà tiwọn gbọ́dọ̀ wà kí omi tó lè jáde.

Bí omi kò bá jáde, tí ilẹ̀kùn kò sì ṣí

Ibí yìí ni aṣọ oníbàárà ti ń há. Kò gbọdọ̀ fi ipá fa ilẹ̀kùn, nítorí ìkọ́ rẹ̀ yóò ṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá parí iṣẹ́ tàbí tí iná bá lọ, ilẹ̀kùn náà máa ń gba ìṣẹ́jú 1 sí 3 kó tó tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kó ṣí.

Kó wo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ níwájú, ní ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú ní ìdérí kékeré kan níbẹ̀, asẹ́ póńpù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó gbé bàsíà pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, kó tẹ́ àkísà sílẹ̀, kó wá rọra yí asẹ́ náà díẹ̀. Omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí bàsíà bá fẹ́ kún, kó yí i padà, kó dà á nù, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹrù kan lè ní bàsíà mélòó kan nínú, nítorí náà kó má kánjú. Nígbà tí omi bá tán, kó fa asẹ́ náà yọ pátápátá.

Ohun tó máa ń bá pàdé níbẹ̀ kò lóǹkà: bọ́tìnì, pín-ìnnì gèlè, òkúta ara aṣọ léèsì, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, irin inú kọ́mú, ẹ̀yìn igi ìṣáná. Kó kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà. Ohun kékeré kan tó dà bí abẹ́ fáànù wà níbẹ̀, kó fi ìka tì í wò bóyá ó ń yí. Òwú àti irun máa ń wé mọ́ ọn. Tó bá ti mọ́, kó dá asẹ́ padà, kó fún un le dáadáa, kó wá tan ẹ̀rọ sí ibi tí yóò ti da omi nìkan.

Bí póńpù bá ń kùn tí omi kò sì jáde, rọ́bà ló dí tàbí ló ká lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí kò bá dún rárá, póńpù tàbí iná tó ń lọ síbẹ̀ ló kú, iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn.

Láàárín àkókò yìí, aṣọ ni kó kọ́kọ́ ronú lé. Ní gbàrà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kó kó aṣọ jáde, kó fi omi tútù ṣàn án lọ́wọ́. Àdìrẹ àti áńkárá tuntun tó bá sùn sínú omi ọṣẹ pẹ̀lú aṣọ funfun yóò pa á láró, kò sì sí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó lè tún ìyẹn ṣe. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè iṣẹ́ tó dáńgájíá lọ́wọ́ ẹni tó sanwó fún. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í ṣe àwáwí.

Bí kò bá yí, tàbí tí kò fún aṣọ

Bí omi kò bá tíì jáde tán, ẹ̀rọ ọtomátíìkì kò ní fún aṣọ. Nítorí náà, asẹ́ póńpù ni kó kọ́kọ́ padà sí. Ohun kejì ni ẹrù. Bó bá pọ̀ jù, tàbí tó jẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ká jọ sí apá kan, ẹ̀rọ yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò wá dákẹ́. Kó tún aṣọ náà tò, tàbí kó yọ díẹ̀ kúrò.

Bí mọ́tọ̀ bá ń dún tí agolo irin inú ẹ̀rọ kò yí, bẹ́líìtì lè ti já tàbí kó yọ. Lẹ́yìn tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, kó fi ọwọ́ yí agolo náà wò. Bó bá fúyẹ́ jù, bẹ́líìtì ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ní bẹ́líìtì, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń ṣí i, ẹni tó bá mọ sìkúrúdíráfà lò lè dá a padà sórí wíìlì rẹ̀.

Bí mọ́tọ̀ bá dákẹ́ pátápátá, àwọn mọ́tọ̀ kan ní kábọ́ọ̀nù méjì tó máa ń jẹ tán bí ẹ̀rọ bá ti pẹ́. Owó kábọ́ọ̀nù kéré púpọ̀ sí owó mọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà láti ra mọ́tọ̀ tuntun títí oníṣẹ́ yóò fi tú kábọ́ọ̀nù náà hàn án, bí irú mọ́tọ̀ náà bá ní in.

Ní ti ẹ̀rọ oníhò méjì, bó bá ń kùn tí kò yí, kapásítọ̀ ló sábà máa ń rẹ̀. Ohun kékeré yìí ló ń fún mọ́tọ̀ ní agbára láti gbéra. Wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára, pẹ̀lú àmì µF àti fóòtì. Ìwọ̀n µF kan náà ni kí wọ́n rà, fóòtì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kí alágbàfọ̀ má fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, nítorí kapásítọ̀ lè tọ́jú iná pa mọ́ sínú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ púlọ́ọ̀gì. Bó bá jẹ́ apá tó ń fún aṣọ nìkan ni kò yí, kó wo ìdérí rẹ̀ bóyá ó pa dáadáa, kó sì rántí fi ike pẹlẹbẹ tó bá ẹ̀rọ wá tẹ orí aṣọ kó tó dé e.

Bó bá ń gbọ̀n, tó ń jò, tàbí tó ń pariwo

Ẹ̀rọ tuntun tó ń fò káàkiri ilẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń fi ìdè irin 3 tàbí 4 de agolo inú rẹ̀ nítorí ìrìn àjò, èyí tó yẹ kí wọ́n tú kí wọ́n tó lò ó. Bí wọ́n bá ti tú u, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ló kù. Kí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀ dọ́gba.

Bí ìhó ọṣẹ bá ń tú jáde láti inú àpótí, ọṣẹ ló pọ̀ jù. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ máa ń hó púpọ̀, ìhó yìí sì ń gbé aṣọ lékè tí kò fi ní mọ́, ó tún ń da ẹ̀rọ láàmú. Kó dín in kù, tàbí kó ra èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ.

Ariwo tó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú fẹ́ gbéra nígbà tó bá ń fún aṣọ, bẹ́rìn ló ń sọ pé òun ń kú lọ. Kó má dúró dìgbà tó bá fọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, wọ́n ti jó agolo ike tó wà níta pa pọ̀, bẹ́rìn nìkan kò sì ṣeé yọ bọ̀rọ̀. Kó béèrè iye tí àtúnṣe náà yóò jẹ́ kó tó gbà kí wọ́n tú u.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ àti jẹnẹrétọ̀

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, ní Alábà l'Ékòó tàbí níbòmíràn, kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Iná Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230 àti hertz 50, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120 àti hertz 60. Ẹ̀rọ tó ń sọ fóòtì di kékeré yóò yanjú ti fóòtì, àmọ́ kò lè yí hertz padà. Nítorí náà, mọ́tọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà lè máa rọra yí, kó sì máa gbóná jù. Ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yúróòpù ló bá iná wa mu.

Irin tó ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 2,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Bí alágbàfọ̀ bá fi ẹ̀rọ sí ibi tí yóò ti fi omi tútù fọ̀, mọ́tọ̀ nìkan ni yóò kù láti gbé, ẹ̀rù rẹ̀ sì kéré sí i púpọ̀. Bí iná tí àwọn èèyàn ṣì ń pè ní NEPA bá lọ, kó yọ púlọ́ọ̀gì, kó sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó bá dé kó tó dá a padà. Iná tó fi agbára dé lójijì ló ń jó pátákó inú ẹ̀rọ, pátákó yẹn sì wà lára ẹ̀yà tó gbówó lórí jù.

Nígbà tó bá kan oníṣẹ́

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ìgbà náà ni kó pe oníṣẹ́, àmọ́ kò ní jẹ́ òpè mọ́. Kó sọ orúkọ àti nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà tó wà lára rẹ̀, àmì tó kọ sójú, àti ohun tó ti yẹ̀ wò. “Mo ti fọ asẹ́ póńpù, póńpù ń kùn, omi kò jáde” yàtọ̀ sí “Ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́.” Kó béèrè iye owó kó tó ṣí i, kó sì gba ẹ̀yà àtijọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀.

Kó ní ìwé kékeré kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kó máa kọ ọjọ́ tó bàjẹ́, ohun tó ṣe é àti iye tó ná sínú rẹ̀. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún un ìgbà tí ẹ̀rọ kan ti di ajẹniníṣẹ́, tó fi dára kó tà á, kó ra òmíràn.

Àwọn àgbà ló sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Kó máa tú àpò aṣọ yẹ̀ wò kó tó kó o sínú ẹ̀rọ, kó fi aṣọ tó ní òkúta àti ìlẹ̀kẹ̀ sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, kó fọ asẹ́ póńpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, asẹ́ ẹ̀yìn lóṣooṣù, kó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí lálẹ́ kí inú rẹ̀ má baà hu. Ọjọ́ Ajé, tí iṣẹ́ kò tíì pọ̀, ló dára jù fún un.